Láti Ibo Dé Ibo? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpíndọ́gba Ìyípadà Nínú Ìṣirò Ọmọ JSS

Wọ́n ní kí n mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, kí n sì là á yé wa. Ìpíndọ́gba ìyípadà ni mo mú. Kì í ṣe pé ó le ni mo ṣe mú un. Kò le. Ìyọkúrò méjì àti pípín kan ni gbogbo rẹ̀. Mo mú un nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba máàkì lórí rẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n ṣe, àti nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dénú, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà tan án jẹ.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ni n ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, torí ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń rí ìṣirò yìí. Ẹ rántí káàdì tí wọ́n máa ń fún yín níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, nọ́ọ̀sì á tẹ àmì kan sínú gíráàfù inú káàdì náà, á sì fa ìlà láti ara àmì oṣù tó kọjá dé ara ti òní. Kì í ṣe ìwúwo ọmọ lọ́jọ́ náà nìkan ló ń wò. Ọmọ méjì lè wúwo bákan náà lónìí, kó jẹ́ pé ọ̀kan ń gòkè bọ̀, èkejì ń rù. Òṣùwọ̀n ò lè sọ èyí fún nọ́ọ̀sì. Ìlà tó so àmì méjì pọ̀ ló ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí wọ́n bí ní kìlógíráàmù 3.2. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń di ìlọ́po méjì ìwúwo tí wọ́n fi bí i bó bá tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, á sì sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta bó bá pé ọdún kan. Ọmọ tiwa yìí á wá jẹ́ 6.4 ní oṣù 5, á jẹ́ 9.6 ní oṣù 12. Láti ọjọ́ ìbí dé oṣù 5, ó fi 3.2 kún ara. Ẹ pín in sí 5, ó di kìlógíráàmù 0.64 lóṣù. Láti oṣù 5 dé oṣù 12, ó tún fi 3.2 kún ara, ṣùgbọ́n oṣù méje ló gbà á: 0.46 lóṣù. Láti ọjọ́ ìbí dé ọdún kan, 6.4 ni, ẹ pín in sí 12: 0.53 lóṣù. Ìdáhùn mẹ́ta lórí ọmọ kan, òtítọ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹnìkan bá bi yín pé kí ni ọmọ yìí ń fi kún ara lóṣù, ẹ ò ní ìdáhùn kankan tí ẹ lè fún un àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ bi òun náà pé: láti ìgbà wo dé ìgbà wo?

Lórí ìbéèrè yẹn ni mo dúró sí lónìí. Ẹni tó bá dárúkọ ìpíndọ́gba ìyípadà tí kò dárúkọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò tíì sọ nǹkan kan. Bí a ṣe ń ṣe é kò ju báyìí lọ: ẹ wá ohun méjì tó ń rìn pọ̀, bí oṣù àti ìwúwo, ẹ yan ibi méjì, ẹ yọ iye ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú iye ìparí lápá ìwúwo, ẹ ṣe bákan náà lápá oṣù, kí ẹ wá pín ìyàtọ̀ ti ìwúwo sí ìyàtọ̀ ti oṣù.

Nínú kíláàsì, ibi tí nǹkan ti ń lọ déédéé la sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró ti ẹ̀rọ nílé epo, kí ẹ wo ojú rẹ̀: nọ́ńbà méjì ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, lítà àti náírà. Ká ní lítà kan jẹ́ náírà 900. Láti lítà 2 dé lítà 5, owó gòkè láti 1,800 dé 4,500. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,700, ẹ pín in sí lítà 3, ó di 900. Láti lítà 10 dé lítà 40, ìyàtọ̀ owó jẹ́ 27,000, ti lítà jẹ́ 30, ó tún di 900. Ibi yòówù tí ẹ bá yàn, 900 náà ni. Lórí gíráàfù, ìlà gbọọrọ kan ló máa jẹ́, tí dídagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ibẹ̀ dára láti bẹ̀rẹ̀, kò sì dára láti pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń ṣe irú èyí nìkan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á ti kọ́ ohun méjì tí kò yẹ kó kọ́: pé ibi téèyàn yàn kò já mọ́ nǹkan, àti pé èèyàn lè fo ìyọkúrò, kó kàn pín 4,500 sí 5, ìdáhùn á ṣáà jáde. Ó ń jáde lóòótọ́, nítorí pé lítà òdo jẹ́ náírà òdo. Ọjọ́ tí ìlà kan ò bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo ni àṣírí á tú.

Owó epo kan náà, ẹ jẹ́ ká wò ó láti ọdún dé ọdún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, lítà kan di náírà 145. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ó di 488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Oṣù 84, náírà 343: ó lé díẹ̀ ní náírà mẹ́rin lóṣù. Ta ló rántí pé epo fi náírà mẹ́rin wọ́n lóṣù kan, tó tún fi mẹ́rin wọ́n lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí fún ọdún méje? Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó náà dúró pẹ́ lójú kan, ó tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ní 2020, ó wá gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé nǹkan bí 185, kó tó fi ohun tó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Náírà mẹ́rin lóṣù jẹ́ òtítọ́ nípa àlàfo náà lódindi. Kò bá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oṣù tó wà nínú rẹ̀ mu. Ọmọ tó bá gbọ́ "ìpíndọ́gba" tó sì rò pé bí nǹkan ṣe ń lọ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ, àlàyé yìí ló ṣàìní.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ètò ìkànìyàn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìṣirò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì nìkan. Ìkànìyàn ọdún 1963 sọ pé ènìyàn 55,670,055 ló wà ní Nàìjíríà. Ti 1991 sọ pé 88,992,220. Ti 2006 sọ pé 140,431,790. Ẹ gbé e fún ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa fo ìyọkúrò. Á pín 140,431,790 sí 2006, á rí nǹkan bí 70,006, á sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ò túmọ̀ sí ohunkóhun, àfi bó bá jẹ́ pé ní ọdún òdo kò sí ẹ̀dá alààyè kankan láti Èkó dé Sókótó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Láti 1991 dé 2006, ènìyàn 51,439,570 ló lé sí i láàárín ọdún 15, ìyẹn nǹkan bí 3,429,000 lọ́dún. Láti 1963 dé 1991, 33,322,165 ló lé sí i láàárín ọdún 28: nǹkan bí 1,190,000 lọ́dún. Ti ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìṣáájú. Ṣé àwọn ọmọ Nàìjíríà kàn jí lọ́jọ́ kan ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ní ìlọ́po mẹ́ta? Òótọ́ ni pé bí ènìyàn bá ti pọ̀ sí i ni ọmọ tí wọ́n ń bí náà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó láti ṣàlàyé irú fífò bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962, wọ́n tún un ṣe ní 1963, àríyànjiyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ lórí èyí tí wọ́n tún ṣe náà, torí iye ènìyàn ni wọ́n fi ń pín àga ilé aṣòfin láàárín àwọn ẹkùn. Ti 1973, wọn ò lò ó rárá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé iye 1963 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ, dandan ni kí ìyípadà tó tẹ̀ lé e kéré ju bó ṣe yẹ. Ọmọ JSS lè lóye èyí. Kò nílò ju ìyọkúrò lọ.

Ìparí náà lè ṣe bákan náà. Fún Ìpínlẹ̀ Èkó, ìkànìyàn 1991 sọ pé 5,725,116, ti 2006 sọ pé 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò gbà. Wọ́n ní ènìyàn 17,552,942 làwọn kà lọ́dún náà. Bí a bá gba ti ìjọba àpapọ̀, nǹkan bí 226,000 ènìyàn ló ń lé sí i l'Ékòó lọ́dún. Bí a bá gba ti ìpínlẹ̀, nǹkan bí 789,000 ni. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìwé, tó fẹ́ gbẹ́ kànga, tó fẹ́ la ọ̀nà, èwo ni kó tẹ̀ lé? Ọgbọ́n ìṣirò ò lè bá a yan ọ̀kan. Ohun tó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kó mọ̀ dájú pé ibi tí ìjà wà ni nọ́ńbà ìparí kan ṣoṣo, kó má bàa fi àkókò ṣòfò lórí pípín.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ọdún, ká bọ́ sórí ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní ìlú Berlin, Usain Bolt sá eré 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sẹ́ni tó sá a yá jù bẹ́ẹ̀. Pín 100 sí 9.58, ìpíndọ́gba eré rẹ̀ jẹ́ mítà 10.44 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọn eré náà kọ ìgbà tó kọjá ní 20 mítà, 40, 60 àti 80 sílẹ̀: 2.89, 4.64, 6.31, 7.92. Tí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ràn eré ìdárayá nílé, ẹ gbé nọ́ńbà wọ̀nyí fún un, kí ẹ sì jókòó tì í. Ogún mítà àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá 2.89, ìyẹn mítà 6.92 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ogún kejì gba 1.75: mítà 11.43. Ìkẹta gba 1.67: 11.98. Ìkẹrin gba 1.61: 12.42. Ìkárùn-ún gba 1.66: 12.05.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ń dìde láti orí ìkúnlẹ̀ nínú ogún mítà àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tó fi lọ́ra. Láàárín 60 sí 80 ló ti sáré jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin tó yára jù láyé bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n á búra pé ńṣe ló ń yára sí i. 10.44 ò sọ ọ̀kankan nínú èyí. Ẹ ní láti gé àlàfo náà sí kéékèèké kí ó tó hàn.

Ọ̀fìn kan wà níbí tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Ẹ sọ fún kíláàsì kí wọ́n ro ìyára márààrún pọ̀, kí wọ́n pín in sí 5. Wọ́n á rí 10.96, kì í ṣe 10.44. Èwo ló tọ̀nà? Ẹni tó bá ń sáré 10.96 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin á parí 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.12, kò sì tíì sí ẹ̀dá tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìyára márààrún kò gba àkókò kan náà: èyí tó lọ́ra jù ló gba àkókò tó pọ̀ jù, nítorí náà ó yẹ kó wúwo ju àwọn yòókù lọ nínú ìṣirò náà. Bákan náà ni ti awakọ̀ tó fi ìyára kìlómítà 60 ní wákàtí kan rin ìrìn kìlómítà 120, tó sì fi 40 padà. Ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á pariwo pé 50 ni ìpíndọ́gba. Àlọ rẹ̀ gba wákàtí 2, àbọ̀ gba 3. Kìlómítà 240 pín sí 5, ó di 48. A kì í wá ìpíndọ́gba àwọn ìpíndọ́gba báyìí. A máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ká ka gbogbo ọ̀nà, ká ka gbogbo àkókò.

Fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì, ẹ fi Tobi Amusan kún un, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá 100 mítà onídìígàgá ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, tí ó sì di ẹni tó yára jù láyé nínú eré náà. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 8.25. Ìdìígàgá mẹ́wàá ló wà lójú ọ̀nà: mítà 13 kó tó kan àkọ́kọ́, mítà 8.5 láàárín ọ̀kan sí èkejì, mítà 10.5 láti ti ìkẹyìn dé òpin. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ rò ó bóyá ó pé 100, kí wọ́n tó sọ ibi tí wọ́n rò pé eré rẹ̀ á ti ju 8.25 lọ.

Ti àmì ìyọkúrò àti ti òdo, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tánkì ilé kan ní lítà 800 láago mẹ́fà àárọ̀, ó ku 200 láago méjìlá ọ̀sán, wọ́n tan ẹ̀rọ omi, ó padà di 800 láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ìyípadà jẹ́ −100 lítà ní wákàtí kan. Láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, +100. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òdo. Òdo yẹn kò sọ pé ẹnikẹ́ni ò wẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bára mu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyẹn, ẹ má sọ ọ́ fún un.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ lórí ohun kan. Ẹ má ṣe fi fọ́múlà bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tábìlì bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yan ibi méjì, kó so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú rúlà lórí gíráàfù, kó wo bí ìlà náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, kó tó fọwọ́ kan pípín. Bó bá rí ìdáhùn, kó kọ gbólóhùn, kì í ṣe nọ́ńbà: "Láti 1991 dé 2006, iye ènìyàn Nàìjíríà ń fi nǹkan bí 3,429,000 lé sí i lọ́dọọdún, ní ìpíndọ́gba." Ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ìparí wà níbẹ̀, ohun tó ń yí padà wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tèmi ni pé kí ìdajì máàkì wà lórí gbólóhùn náà. Ọmọ tó kọ 3,429,000 lásán, tí kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí náírà, bóyá lọ́dún ni tàbí lóṣù, ẹ̀rọ ìṣirò lè ṣe ohun tó ṣe, kí ó sì yá jù ú lọ.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ń lọ hàn yín. Ilé gogoro Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, ga tó nǹkan bí mítà 105. Ká ní ohun kan já bọ́ láti orí rẹ̀, ká sì fojú fo afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, á ti wá sílẹ̀ ní mítà 4.9, lẹ́yìn 2, mítà 19.6, lẹ́yìn 3, mítà 44.1. Nínú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ó rin 4.9, nínú èkejì 14.7, nínú ìkẹta 24.5. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 4.9: ẹ máa rí 1, 3, 5, bí Galileo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1638. Àwọn onímọ̀ kan ní Merton College, ní Oxford, ti ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Wọ́n ti rí i pé bí ohun kan bá ń fi ìyára kún ìyára déédéé, ìpíndọ́gba ìyára rẹ̀ láàárín àlàfo kan bá ìyára rẹ̀ gan-an ní ìdajì àkókò náà mu. Nicole Oresme ní ilẹ̀ Faransé sì ya á ní àwòrán kí gbogbo ojú lè rí i.

Báwo ló ṣe ń yára tó gan-an nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá méjì pé géérégé? Láti 2 dé 3, ìpíndọ́gba jẹ́ 24.5. Ìyẹn pọ̀ jù, torí ó ń yára sí i. Ẹ dín àlàfo kù: láti 2 dé 2.1, ó jẹ́ 20.09. Ẹ tún dín in kù: láti 2 dé 2.01, ó jẹ́ 19.649. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe ti 2 dé 2.001 fúnra yín, kí ẹ wo nọ́ńbà tó ń sún mọ́. Ìyọkúrò méjì àti pípín kan náà ni, kò sí ohun tuntun níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Newton àti Leibniz gbà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún lẹ ń tọ̀ yẹn. Tábìlì Bolt, ti ìkànìyàn àti ti Cocoa House wà lójú pátákó níwájú yín níbí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ dà wọ́n kọ kí wọ́n tó nù ún.